Kànga Bàbá Mi Ló Kù

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó síbí, mo dọ̀bálẹ̀. Baba Ifátóyè, alága wa, mo rí yín. Àga yìí gbà yín, kò ní yẹ̀. Mùsíyé Séraphin, akọ̀wé búrò kòmáńdà tó ń ṣàkóso wa, bọ̀ǹjúù. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ará Daagbé, ẹ̀yin ará Banigbé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ẹrù sílẹ̀ ní Igolo torí ìdágbére mi, mo kí yín o, kẹ́nì kan má lọ sọ pé Àkànní ò rí òun. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Ẹ wò mí dáadáa. Ìwé tí mo kà ò kún ọwọ́. Ọdún méjì péré ni mo lò níwájú fáádà kó tó lé mi, àbí èmi ni mo lé e? Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ifangni yìí, ta ló mọ ibi tí kànga wà bí èmi? Èmi ni kòmáńdà kànga! Èyí tí wọ́n gbẹ́ lánàá, èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn erùpẹ̀ ẹ̀. Èyí tó gbẹ tí wọ́n pa tì, tí koríko bò, ẹsẹ̀ mi ló wá a rí. Mò ń fẹnu sọ ọ́, Mùsíyé Séraphin ń kọ ọ́ sílẹ̀: ti lágbájá ṣì lómi, ti tàmẹ̀dù ti gbẹ, ká lọ dí i. Mùsíyé, ẹ ṣeun. Ọwọ́ tó mọ̀wé, ẹsẹ̀ tó mọ̀nà, àwa méjèèjì la para pọ̀ di odidi èèyàn kan.

Bọ̀n, ó dáa. Baba Fábíyìí, ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ mọ̀ pé n ò lè fò yín dá. Kànga tí bàbá wọn gbẹ́ lójú ọ̀nà Banigbé gbẹ pátápátá. Mo kó àwọn òṣìṣẹ́ búrò lọ, a da erùpẹ̀ sí i, ó kún dẹ́nu, Mùsíyé kọ ọ́ pé ó ti dí. Mò ń yan bí àkùkọ. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, baba àtàwọn ọmọ wọn ti hú gbogbo ẹ̀ jáde! Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, wọ́n bá tiwọn lọ. Èmi ò sì padà lọ wò ó. Kí ló kàn mí? Ìwé ní ó ti dí. Ilẹ̀ ní òun ṣí sílẹ̀. Ta ló wá jìn sí i? Rosalie, ọmọ àdúgbò wa ni, tòun ti igi ìdáná lórí. Rosalie, dákun dìde, kí wọ́n rí ẹ. Ẹ ò rí bó ṣe ń tiro? Ọrùn mi lẹsẹ̀ yẹn wà. Mo ti bẹ̀ ẹ́ nílé, mo tún ń bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ayé.

Mo fìbínú lọ bá Baba Fábíyìí. Ẹ rántí ohun tí wọ́n wí? Wọ́n ní, "Ìwọ Àkànní, ọmọ àná! Kànga tí bàbá mi fọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ́, o lọ kó àlejò wá dí i. Nílé tiyín, ṣé àlejò ló ń bá yín sin òkú ni?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ta ni ò mọ̀ pé ọmọ ló ń kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí sàréè bàbá ẹ̀? Èmi ni ò ronú pé bẹ́ẹ̀ ni kànga náà rí. Látorí ti Baba Fábíyìí, bí a bá ń dí kànga, àwọn ọmọ onílé á kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ tiwọn, gbogbo ẹni tó ti mu níbẹ̀ rí á bu tiwọn tẹ̀ lé e, wọ́n á dúpẹ́ omi, a ó wá gbin ọ̀pẹ sórí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún hú kankan mọ́. Èmi náà á sì fò lórí ẹ̀, gbì, gbì, kí n tó ní kí Mùsíyé kọ ọ́.

Lọ́la, ọkọ̀ kámíọ̀n á gbé mi lọ sí Àjàṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń lu ilẹ̀ wá omi ti dé, wọ́n ń wá ọkùnrin. Ta ni wọn ì bá tún pè?

Ṣùgbọ́n kànga kan kù tí n ò lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ògúntádé ọ̀rẹ́ mi, má fọhùn, mo mọ ohun tó wà lẹ́nu ẹ! Ojoojúmọ́ ló ń pariwo tẹ̀ lé mi: "Kòmáńdà kànga, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde! Ti bàbá ẹ ńkọ́?" Kò purọ́. Kànga tí olóògbé bàbá mi gbẹ́ ti gbẹ, ó la ẹnu sílẹ̀ lẹ́yìn ilé wa. Ìyá mi Àjíkẹ́ ń lọ kí i láràárọ̀ bí ẹni ń kí ọkọ, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Tí mo bá wà ńlé, èmi ni mò ń lé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kúrò létí ẹ̀. Lọ́la ńkọ́? Ta ni yóò máa lé wọn? Ìyá mi, n ò pàṣẹ o, ẹ̀bẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ Rosalie tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ ká tibí lọ síbẹ̀, kí n bu tèmi kí n tó lọ. Bí mo bá lọ tán, àlejò ni yóò wá bá wa dí i.

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ dákẹ́! Ìyá mi ti dìde. Ìyá mi, níbo lẹ̀ ń lọ? Kí lẹ so mọ́ etí ìró yẹn?

Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ní erùpẹ̀ ni. Wọ́n ní àtàárọ̀ làwọn ti bù ú, ariwo ẹnu mi ni ò jẹ́ káwọn ráyè sọ ọ́!

Ẹ̀yin èèyàn mi, omi yín ò ní gbẹ. Ilẹ̀ ò ní yẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Rosalie, ẹsẹ̀ ẹ á san. Ẹni tó gbẹ́ omi fún ọmọ aráyé, ọwọ́ ọmọ ẹ̀ ni yóò sin ín.

Mùsíyé Séraphin, ẹ gbé kálámù yín dání, ṣùgbọ́n ẹ má tíì kọ ọ́. Ti bàbá mi yìí, n ò ní fò lórí ẹ̀. Màá dọ̀bálẹ̀ lé e gbọọrọ. Tí mo bá dìde, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́.

Ẹ ṣé o. Ó yá, kálukú bu tiẹ̀ dání.