Ojú Ewé Tó Bọ́ Sábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán kí ẹ tó bú mi. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo ba màmá kan lórúkọ jẹ́, wọn ò sì mọ̀ pé ẹ̀bi mi ni. Ní báyìí, èmi náà ni wọ́n tún wá ń gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Agbowó ni mò ń gbé. Fọ́ọ̀mù tírì ni mo ti kúrò nílé ìwé. Kásẹ́ẹ̀tì ni mò ń gbé kiri ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan kí ẹni tó ń ṣe ètò ọmọdé tó lọ sí Èkó. Wọ́n ní ohùn mi dùn, kí n bọ́ síbẹ̀. Bí mo ṣe dẹni tó ń yẹ ìwé ọmọdé wò láràárọ̀ Sátidé nìyẹn, tí mò ń sọ fáwọn òbí èyí tó dáa. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fọ́nnu. Ẹ̀rù ló máa ń bà mí pé lọ́jọ́ kan, ẹnìkan á bi mí níbi tí mo kàwé dé.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá yìí, ará Ṣakí, Bódìjà ni wọ́n ń gbé. Wọ́n kọ ìtàn Àjàní, ọmọ tó jí ẹja ìyá rẹ̀ jẹ, tó ní ọmọ aládùúgbò ló jẹ ẹ́. Wọn ò tíì gbé e fún atẹ̀wé. Títáìpù lásán ni, kò sí nọ́ńbà lójú ewé kankan. Wọ́n fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ kí àwọn iléèwé lè mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Mo tò ó sórí tábìlì. Kò síná látàárọ̀, mi ò sì rántí pa fáànù. Bí wọ́n ṣe mú iná dé, gbogbo ìwé fò káàkiri yàrá. Mo ṣà wọ́n jọ. Ibi tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ mi, wọ́n na ọmọ aládùúgbò, Àjàní lá ìka rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sùn fọnfọn.

Mi ò rí "Ó parí" níbẹ̀. Òótọ́ ni mò ń sọ, ó kọ mí lóminú. Ṣùgbọ́n tí mo bá béèrè, màmá á mọ̀ pé mi ò tọ́jú ìwé wọn. Ní Sátidé, mo dárúkọ màmá nínú rédíò, mo sọ ìtàn ẹja Àjàní, mo wá ní, "Ẹ̀yin òbí, ìwé yìí ń kọ́ ọmọ lólè. Ẹ má jẹ́ kó wọlé yín." Ọ̀gá mi bọ̀ mí lọ́wọ́.

Màmá wá bá mi níbi iṣẹ́. Wọn ò bínú.

"Ọmọ mi, o kà á tán ṣá?"

"Mo kà á tán, mà."

"Hẹn. Mo rò pé ibi tó parí sí ti tún un ṣe ni. Má wulẹ̀ dá a padà, mi ò fẹ́ rí i mọ́."

Mi ò mọ ibi tó parí sí tí wọ́n ń wí.

Iléèwé tó fẹ́ gba ìwé náà ní àwọn ò ṣe mọ́. Tí màmá bá ń kọjá, àwọn ọmọ àdúgbò á máa ké pé, "Màmá ẹlẹ́ja! Ẹja Àjàní dà?"

Ìgbà tí mo wá gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo rí ojú ewé tó gbẹ̀yìn ìtàn náà. Níbẹ̀, ìyá Àjàní ti mọ òtítọ́. Ó mú Àjàní lọ bá ọmọ tí wọ́n nà, ó ní kí Àjàní gbé ẹja tirẹ̀ fún ọmọ náà níṣojú gbogbo ilé, kó sì bẹ̀ ẹ́. Mo sunkún. Lẹ́yìn náà, mo ká ìwé yẹn, mo fi pamọ́. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá gbé ìtàn tuntun wá. "Bá mi yọ ohunkóhun tó lè ba ọmọ jẹ́. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Mo kà á. Kò sọ́mọ kankan tó ṣẹ̀ nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ inú ẹ̀ jí, wọ́n kúnlẹ̀ kí bàbá, wọ́n gbálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo pa ẹ̀rín mọ́ màmá yẹn lẹ́nu.

Tí mo bá jẹ́wọ́ nínú rédíò, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ pé màmá nìkan ni mo sọ fún, àwọn tó gbọ́ mi lọ́jọ́sí ò ní gbọ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí. Fúráìdé yìí ni màmá ń padà bọ̀. Tí wọ́n bá jókòó, tí wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ó ti dáa báyìí?", kí ni kí n sọ?