Ìlà Mẹ́rin Tèmi, Ọgọ́rùn-ún Ìlà Bíríkìlà

Ẹ̀yin tí a jọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Kí n tó gba ìwé-ẹ̀rí yìí, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó gbọ́dọ̀ jáde. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí; ohun tó bá ti fẹ́ jáde, a kì í dá a dúró.

Ẹ rántí ìbéèrè karùn-ún: kí kọ̀ǹpútà kọ nọ́ńbà láti oókan dé ọgọ́rùn-ún. Àṣẹ ìkọ̀wé, tó ń kọ nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀kan, nìkan la mọ̀ nígbà náà. Bíríkìlà tó jókòó tì mí ń tẹ̀ ẹ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, sìmẹ́ńtì ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ó dé ìlà kẹtàléláàádọ́rin kó tó ṣi nǹkan tẹ̀. Èmi ńkọ́? Ìlà mẹ́rin péré. Ọmọ mi obìnrin ló kọ́ mi nílé ní àṣẹ tó ń mú kọ̀ǹpútà tún iṣẹ́ kan náà ṣe, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ kẹfà, tí kíláàsì ò tíì dé, ló wà. Àgbà tí ò nítìjú ni mí. Tíṣà wò ó, ó họrí. Ó ní bóyá òun ti béèrè ohun tí òun ò tíì kọ́ wa. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á yọ ìbéèrè náà kúrò. Ó wá bi mí níbi tí mo ti rí àṣẹ yẹn. Mo ní, "Tíṣà, mo kàn fara balẹ̀ ronú ni." Ó yìn mí, ìbéèrè náà sì dúró. Bíríkìlà rọra pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní kì í ṣe iṣẹ́ irú òun. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àga rẹ̀ ṣófo. Oríyìn náà ṣì ń dùn mọ́ mi o!

Irọ́ mi ò lọ fún ogún ọdún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òtítọ́ fi bá a. Mo wá Bíríkìlà lọ síbi tó ti ń mọ ògiri, mo jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, mo sì jẹ́wọ́. Ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Màmá, ẹ ò tètè sọ. Mo ti sọ fún ọmọ mi pé olódo ni bàbá ẹ̀." Mo sunkún níwájú àwọn lébírà.

Ó padà wá. Nígbà tí ẹ̀kọ́ kẹfà dé, òun ló kọ́kọ́ yé. Ó ní ẹni tó ti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà ló mọyì mọ́tò. Inú mi dùn lónìí, ṣùgbọ́n ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa sọ ibi tí ẹ ti rí ìmọ̀ yín. Ìwọ ọmọ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíríkìlà yẹn, bàbá ẹ kì í ṣe olódo. Èmi ni mo purọ́.