Ẹni Tó Ń Ṣọ̀fọ̀ Kọ́ Ló Ń Yan Agbẹjọ́rò Ìjọba

Alága ìjókòó òní, adájọ́ àgbà tó fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, tí ẹ sì ti ń sanra láti ìgbà náà, mo kí yín. Ẹ̀yin adájọ́ tí ẹ jókòó níwájú, tí ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láìsọ pé ó tó gẹ́ẹ́, mo júbà yín. Ọ̀gá mi pátápátá, ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ sí ìwé ìfẹ̀yìntì mi kíá ju gbogbo ìwé tí mo ti gbé wá síwájú yín rí, Ọlọ́run yóò dá yín lóhùn. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àlejò, ẹ̀yin akọ̀wé kóòtù, ẹ̀yin awakọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wa, tí ẹ mọ ẹni tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ nínú wa, mo kúnlẹ̀ kí gbogbo yín. Orúnkún ló ń dùn mí, ọkàn mi ló kúnlẹ̀. Ọkọ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, àti ẹ̀yin ẹbí ọkọ mi tí ẹ pọ̀ tó báyìí nítorí pé ẹ gbọ́ pé oúnjẹ máa wà, ẹ káàbọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n sì ní kí n má dárúkọ ọ̀ràn ilé búrẹ́dì. Wọ́n á bínú sí mi lórí méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Mo lágídí, ẹnu mi mú, oorun sì máa ń gbé mi lọ nínú ìpàdé. Ṣùgbọ́n ta ni kò ní sùn nínú ìpàdé wa? Akọ̀wé mi, tí ẹ máa ń fi ẹsẹ̀ gbún mi lábẹ́ tábìlì kí n má baà han-run, ẹ ṣeun. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, wọn ì bá ti lé mi lọ tipẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Bí ọ̀ràn bá wúwo, tí agbẹjọ́rò ìjọba kò sì lè dá sí i láìlábùkù, èmi ni mo máa ń yan agbẹjọ́rò àkànṣe láti ìta, kí ó rojọ́ náà fún ìjọba ní kóòtù. Àwọn èèyàn rò pé bí ẹni ń mú ẹran nínú ìkòkò ni. Kò sí ẹni tí kò ní àbúrò tó kàwé òfin. Ẹlòmíràn á wá kí mi pé òun gbọ́ pé ara mi kò yá, kó tó dé ẹnu ọ̀nà á bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Iná sọ ní ilé búrẹ́dì ńlá kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ ẹni tó ni ilé búrẹ́dì náà sì kú sínú rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni. Ọlọ́pàá mú obìnrin tó ń tọ́jú ààrò, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ààrò. Wọ́n ní òun àti máníjà jà, pé ìbínú ló fi ṣí gáàsì sílẹ̀. Ẹ̀sùn ìpànìyàn ni wọ́n fi kàn án. Agbẹjọ́rò ìjọba tó yẹ kó gba ẹjọ́ náà yẹra fúnra rẹ̀, nítorí pé àna rẹ̀ ni máníjà. Ọ̀rọ̀ bá di tèmi.

Baba Oníbúrẹ́dì wá bá mi ní ọ́fíìsì. Kò halẹ̀ mọ́ mi, kò pariwo. Ó jókòó, ó ń sọ bí ọmọ náà ṣe ti mọ ìyẹ̀fun pò kó tó mọ ìwé kà, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin òkú. Ó wá ní, "Ọmọ mi ló kú. Ẹ jẹ́ kí èmi yan ẹni tó máa bá mi gba ẹ̀san." Ẹni tó sì fẹ́ yàn ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ti ń ṣe agbẹjọ́rò rẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣùgbọ́n mo ní, "Baba, ìjọba ló ń fẹ̀sùn kan obìnrin yìí. Agbẹjọ́rò tí mo bá yàn kò ní jẹ́ tiyín, kò sì ní jẹ́ tirẹ̀." Kí ló dé tí mo fi kọ̀? Ṣé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ ni a ó fún ní pàṣán? Àwọn àgbà ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Lẹ́yìn tó lọ, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì náà dé, wọ́n ní kí n yan ọ̀rẹ́ wọn kan, ọkùnrin tó máa ń kọrin lẹ́yìn ìwọ́de wọn. Mo ní kí àwọn náà máa lọ ilé.

Ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá sílé wa. Ó kọ́kọ́ jẹun, torí ọlọ́gbọ́n ni. Ó wá ní, "Ìyàwó wa, ta ló mọ ọ̀ràn yìí jù mí lọ?" Mo ní, "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ ti mọ ìdájọ́ kí ẹ tó gbọ́ ẹjọ́." Ìyá ọkọ mi gbọ́, ó ní ẹni tí àwọn ní kó kín àwọn lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Bọ̀ọ̀dá mi kò jẹun nílé mi mọ́. Ọbẹ̀ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ nínú ìkòkò, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi níyàwó. Ọkọ mi, ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò sọ nǹkan kan. Bóyá ẹ dá mi láre, bóyá oorun ni, n kò tíì mọ̀ títí dòní.

Ta wá ni mo yàn? Agbẹjọ́rò tí gbogbo kóòtù ń pè ní Ọsàn Kíkan. Ó wà níbí, ẹ má retí kó rẹ́rìn-ín. Ó ti kọ̀wé fẹ̀sùn kàn mí rí, ó ní mo gbéra ga, òtítọ́ ló sì sọ. Kò fẹ́ràn ọlọ́rọ̀, kò fẹ́ràn òṣìṣẹ́, kò fẹ́ràn èmi náà. Mo pe ìhà méjèèjì, mo ní bí ẹnikẹ́ni bá ní ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀, kó sọ ọ́. Baba Oníbúrẹ́dì ní ó lọ́ra jù. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ó le jù. Nígbà tí ìhà méjèèjì kọ̀ ọ́, mo mọ̀ pé mo ti rí ẹni tí mo ń wá.

Àwọn ọ̀gá mi bá mi wí fún un o. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé ọ́fíìsì mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ wà níbí, mo mọ bí inú yín ṣe rí, mo mọ̀ ọ́n ju dókítà yín lọ.

Ọsàn Kíkan kò fi ìwé ọlọ́pàá nìkan ṣe. Ó lọ sí ilé búrẹ́dì tó jóná, ó tẹ eérú. Ó wá ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe rí, ẹni yẹn sì sọ fún kóòtù pé rọ́bà gáàsì ti là, pé Ìyá Ààrò ti kígbe títí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni ìjà tí òun àti máníjà ń jà. Ìjà tí ọlọ́pàá ní ó torí rẹ̀ pààyàn, kí èèyàn má baà kú ló fi jà á.

Ó wá pe Baba Oníbúrẹ́dì, ẹlẹ́rìí òun fúnra rẹ̀. Mo wà ní kóòtù lọ́jọ́ náà. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ tí n kò mọ̀ pé ó ní béèrè pé, "Baba, ta ló ní kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn?"

Baba wo ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jókòó láàárín èrò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wo ilẹ̀.

Baba ní, "Èmi ni. Wọ́n ń jí búrẹ́dì gbé."

"Ṣé ọmọ yín mọ̀ pé wọ́n tì í?"

"Kò mọ̀. Ibẹ̀ ló sá gbà."

 Ọsàn Kíkan jókòó, kò béèrè nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ kejì ó sọ fún adájọ́ pé ìjọba kò ní ẹ̀sùn kankan mọ́ lórí obìnrin náà, pé iṣẹ́ òun kì í ṣe kí òun borí, bí kò ṣe kí kóòtù mọ òtítọ́. Wọ́n dá Ìyá Ààrò sílẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun ní àtìmọ́lé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti fọ́n káàkiri ilé ẹbí. Baba fúnra rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi àìbìkítà nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, agbẹjọ́rò mìíràn tí kò mọ̀ ọ́n rí ni mo sì yàn fún ìyẹn. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí, kò sì yẹ kó dúpẹ́. Ó yọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà dànù pátápátá. Wọ́n ṣì ń jí búrẹ́dì gbé. Ó mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi padà wá sílé wa.  Ó ní, "Ìyàwó wa, èmi ni mo gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn yẹn. Ká ní o fún mi níṣẹ́ náà ni, n kì bá tí béèrè nípa rẹ̀." Mo bu oúnjẹ fún un. Òun ló ní kí n sọ ọ́ síta lónìí. Bọ̀ọ̀dá mi, ìkà kọ́ ni yín. Èèyàn ni yín, kò sì sí èèyàn tó lè tan iná wo ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Àbúrò mi tó ń gba àga mi, gbọ́. Wọ́n á bẹ̀ ọ́, wọ́n á sunkún sí ọ lára, ẹkún ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì jẹ́ òtítọ́. Bá wọn sunkún. Ṣùgbọ́n má fún wọn ní pẹ́ẹ̀nì. Ẹni tí ebi ìborí bá ń pa jù, má yàn án. Ẹni tó ní ohun tó máa jẹ tàbí ohun tó máa bò mọ́lẹ̀ níbẹ̀, má yàn án, kódà bó bá jẹ́ ọmọ ìyá rẹ. Bí wọ́n bá gbé ọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, fèrèsé ọwọ́ òsì ni kí o máa ṣí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀sùn èké kò ní kàn yín. Bó bá kàn yín, ẹni tí kò mọ̀ yín, tí kò kórìíra yín, tí kò sì jẹ yín lóore ni wọn yóò yàn sí i. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ láàárín wa, Ọlọ́run yóò tù ú nínú. A kò ní fi ọwọ́ ara wa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ wa.

Ìyá Ààrò jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní kí n má pe òun dìde, n kò sì ní pè é. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó wà láàárín wa lónìí, pé òun náà ń bá wa jẹun. Ọ̀rọ̀ mi tán. Ẹ ṣé o.