Sìlíńdà Tí Mo Gbé Fún Wẹ́dà

Wọ́n ti dájọ́ fún mi. Adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún mi títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Mi ò sọ pé ìdájọ́ náà kò tọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé èmi nìkan ló wà níbí.

Awakọ̀ áńbúláǹsì ìjọba ìbílẹ̀ kan l'Abẹ́òkúta ni mí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ọkọ̀ náà, alága gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò títí. Láti ọjọ́ náà, a ò rówó epo, a ò rówó ọ́síjìn. Mo lọ bá ọ̀gá tó ń mójú tó ìlera ní ọ́fíìsì rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Dírẹ́bà, ṣé ọmọdé ni ẹ́ ni? Fọgbọ́n ṣe é."

Mo fọgbọ́n ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó gbé òkú lọ síbi ìsìnkú, mo ń fi fèrè ọkọ̀ lé àwọn ará Láfẹ́nwá kúrò lọ́nà nítorí ẹni tí kò kánjú mọ́. Nígbà tó yá, mo gbé sìlíńdà ọ́síjìn inú ọkọ̀ fún wẹ́dà kan kó máa fi jó irin, kó sì máa fún mi ní nǹkan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, wọ́n pè wá sí Aké. Ìyá kan tó ń ta bàtà ni ikọ́ fée dé sí, kò lè mí. Nọ́ọ̀sì Bísí tí a jọ ń ṣiṣẹ́ na ọwọ́ sí ibi tí sìlíńdà máa ń wà, kò bá nǹkan kan. Mo parọ́ pé wọ́n gbé e lọ rọ. Bí a ṣe ń gbé e lọ sí ọsibítù, ọmọ ìyá náà ń bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé a ò tíì dé ni?" Ìbarà ni ìyá náà kú sí.

Nígbà tí a padà dé gáréèjì káńsù, mo mú sípánà, mo ń dọ́gbọ́n bíi pé mò ń di táyà. Nọ́ọ̀sì ní òun ti máa ń rí èmi àti wẹ́dà náà pọ̀, òun pè é lórí fóònù, ó sì ti jẹ́wọ́ fóun, òun ń lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

"Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì, mo bímọ."

"Ìyá yẹn náà bímọ."

Ó kẹ̀yìn sí mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi sípánà náà gbá a lórí, ó sì kú. Ọdún mẹ́ta ló fi ń pín búrẹ́dì rẹ̀ fún mi nínú ọkọ̀ yẹn.

Ọ̀gá wá jẹ́rìí ní kóòtù. Ó fi ìwé hàn pé owó ọ́síjìn ń jáde lóṣooṣù. Mo béèrè pé ọwọ́ ta ló ń bọ́ sí. Wọ́n ní kí n panu mọ́. Síbẹ̀, kì í ṣe òun ló gbá Nọ́ọ̀sì. Èmi ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀gá bá ní kí ẹ fọgbọ́n ṣe é, ẹ ní kó kọ ọgbọ́n náà sínú ìwé, kó fọwọ́ sí i. Bí kò bá kọ ọ́, ẹ máa lọ sílé. Ebi ò ní pa yín bí okùn yóò ṣe pa mí.