Lẹ́tà Salma Wà Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Mi

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú pé n ò dárúkọ ara mi. Láti ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn ọmọ mi gan-an ò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Salma ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì, n ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Opó ni mí, Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ni mò ń gbé. Àwọn ọmọ mi ti wà nílé ọkọ, a kì í ríra àfi lórí fóònù. Salma, ọmọ Lárúbáwá, ló ń gbé lókè mi. Ọkọ rẹ̀ kì í jẹ́ kó dá jáde, òun ló sì ń ṣí gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé. Ọ̀dọ̀ mi nìkan ló gbà kó máa wá, torí pé Àlhájà ni mí. Ó rò pé kéú ló ń kọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kéú wo? Ìwé tirẹ̀ ló ń kà ní kíṣíìnì mi. Ó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Ó kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lọ́nà New Cross, àdírẹ́sì mi ló lò. Ó ní, "Màmá, tí mo bá níṣẹ́ lọ́wọ́, èmi náà á lẹ́nu ọ̀rọ̀ nílé."

Lẹ́tà dé. Èmi tí mò ń bú ọkọ rẹ̀, èmi náà ṣí lẹ́tà onílẹ́tà. Wọ́n ti gbà á! Kó ṣáà fèsì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo wá wo àga tó máa ń jókòó sí. Ta ni yóò máa bá mi mu tíì? Ta ni yóò máa bi mí bóyá mo ti jẹun? Mo ki lẹ́tà náà sẹ́yìn ìrẹsì nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní màá fún un lọ́la. Ọ̀la di ọ̀túnla títí ọ̀sẹ̀ méjì fi pé. Mo ń tan ara mi pé ilé ọkọ rẹ̀ ni mò ń bá a tún ṣe. Irọ́ ni o. Ìdáwà ló ń dà mí láàmú.

Ojoojúmọ́ ló ń béèrè, "Màmá, ṣé lẹ́tà ti dé?" Màá ní, "Kò tíì dé o, ọmọ mi." Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́. Ó ní bóyá òótọ́ lọkọ òun ń sọ, pé orí òun ò gbé ìwé. Yéè! Èmi ni mo bá ọkùnrin yẹn sọ irọ́ rẹ̀ dòótọ́.

Ní báyìí, ọkọ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́ mú un padà sílùú wọn, sọ́dọ̀ ìyá ọkọ. Lánàá, Salma wá dágbére. Ó sunkún lé mi léjìká. Ó ní, "Màmá, gbogbo èèyàn ló já mi kulẹ̀, àfi ẹ̀yin." Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá fún un, ó lè má wojú mi mọ́ láéláé. Tí mi ò bá fún un, á lọ pẹ̀lú èrò pé olódo lòun. Ẹ má ṣáà sọ pé kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọlọ́run kọ́ ló fi lẹ́tà pamọ́, èmi ni.