Ojú Kejì Àwo

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, tí n kò tíì ríṣẹ́, tí mo ti ń wo ara mi bí ẹni tó ti bàjẹ́, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ìsọ̀ Alhaji kan tó ń ta àwo orin nítòsí rélùwéè Ọ̀fà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá dá àwo padà.

"Alhaji, ẹ gba àwo fọ́ǹkì yín, orin ijó tí mo rà lọ́jọ́sí. Ojú kìíní dùn, a jó o. Ojú kejì ti bàjẹ́! Gìtá ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ìlù á dákẹ́ lójijì."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo gbọ́ ọ?"

"Ẹ̀ẹ̀meje, sà."

"Ohun tó bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀meje? Kò bàjẹ́, ọmọ yìí. Ó ń wá ọ̀nà ni. Ṣé kí n gbà á?"

Ó yára fa àwo náà mọ́ra. "Ẹ jẹ́ kí n tún un gbọ́ ná."

Ó ń wá ọ̀nà ni. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rò ó pé bóyá èmi náà kò bàjẹ́.