Lúdò Ìyá Àgbà

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Ìgbàrà-Òkè bọ̀ ní Àkúrẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu obìnrin méjì tí kò mọra rí, tí wọ́n jókòó sẹ́yìn mi.

Èyí tó kéré ní, "Màmá mi ni mo lọ bẹ̀, mà, pé kí wọ́n padà sọ́dọ̀ mi ní Ijapo, l'Àkúrẹ́. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ilé mi dákẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ mo ra lúdò fún wọn."

Èyí àgbà bi í pé, "Ta ló ń bá wọn ta á?"

"Àwọn ọmọ mi ni. Mo sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n máa jẹ́ kí ìyá àgbà borí nígbà gbogbo."

"Nílé tiwọn ńkọ́?"

"Ìyá aládùúgbò kan ni, mà. Á máa rẹ́ wọn jẹ, wọn á máa bú ara wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Àgbà náà rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ẹ ò bá ìyá yẹn ṣeré rárá. Ìtọ́jú lẹ̀ ń ṣe fún un."

Gbólóhùn yẹn ò tíì kúrò létí mi. Ìtọ́jú lẹ̀ ń ṣe fún un.

A ti ń wọ Àkúrẹ́ kí èyí tó kéré tó tún sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń rẹ́ni jẹ nínú lúdò?"